Àtẹ̀jíṣẹ́ Tí Ìyá Ọkọ Kò Lè Kà

Olúyẹ́misí, aránṣọ kan ní Ìkàtẹ́, kì í fi fóònù pamọ́ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Àràárọ̀ ni Màmá ń gbà á láti gbọ́ orin ìjọ wọn, ìjọ aláṣọ funfun. Ṣùgbọ́n nígbà tí oyún àkọ́kọ́ Yẹ́misí bàjẹ́, Màmá ka àtẹ̀jíṣẹ́ tó fi sọ ọ́ fún Bọ́sẹ̀ àbúrò rẹ̀, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ fún àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìjọ gbọ́. Ojú ti Yẹ́misí gan-an.

Nígbà tó tún lóyún, Bọ́sẹ̀ bá a fi áàpù kan sórí fóònù, èyí tó ń sọ ọ̀rọ̀ wọn di wúruwùru lójú ẹni tí kò bá mọ páswọ́ọ̀dù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá di fóònù náà mú, wọ́n pè é. "Yẹ́misí, irú èdè wo rèé? Ṣé fóònù ti bàjẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Ọ̀rọ̀ èmi àti Bọ́sẹ̀ ni. Àwa méjì nìkan la lè kà á."

Màmá dá fóònù padà fún un.

Nígbà tí oyún fìdí múlẹ̀, Yẹ́misí kúnlẹ̀, ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún wọn. Màmá bú sẹ́kún ayọ̀.

"Ṣé kí n má tíì sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá títí ikùn fi yọ síta.