Ohun tí Àǹtí Ràódàt Rí Lára Ìmàn

Ní Aboabo, àdúgbò kan ní Kumasi lórílẹ̀-èdè Ghana, bí ọmọ bá ti ń parí ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀dọ̀ Ràódàt Bákàrè ni àwọn òbí ń darí rẹ̀ sí. Kumasi ni wọ́n ti bí i, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń wá yunifásítì, kò rí ẹni tó là á lọ́yẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń jókòó ti ọmọ ọlọ́mọ níwájú kọ̀ǹpútà ní Sátidé, tí wọ́n á jọ máa wá ẹ̀kọ́ àti ilé-ìwé tó bá a mu.

Ìmàn, ọmọ Yúnúsà tó ń ta páànù, ló fẹ́ẹ̀ tán an ní sùúrù. Ọmọ náà mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí Ràódàt bá bi í pé kí ló fẹ́ kà, á ní, "Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ti ní kí n kà, Àǹtí." Nígbà tó sú Ràódàt, ó ní kí àwọn lọ fojú ara àwọn rí yunifásítì, bóyá ọkàn rẹ̀ á fà sí nǹkan kan.

Tírótírò, bọ́ọ̀sì akérò tí wọ́n wọ̀, há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Anloga Junction. Àfi bí aboyún kan tó jókòó lẹ́yìn ṣe figbe ta. Ọmọ ń bọ̀! Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Gifty wà nínú ọkọ̀, ó sáré kúnlẹ̀ tì í, ṣùgbọ́n Twi ló ń sọ, Hausa nìkan sì ni aboyún náà gbọ́. Ẹ̀rù bà á, ó ń ti ọwọ́ nọ́ọ̀sì dànù.

Kí Ràódàt tó mọ̀, Ìmàn ti fo àga kọjá, ó ti di obìnrin náà lọ́wọ́ mú. Bí Gifty bá sọ̀rọ̀ ní Twi, Ìmàn á sọ ọ́ di Hausa, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Numfasa," ó ń sọ fún un pé kó máa mí, "numfasa."

Ó fi Twi ní kí dẹ́rẹ́bà paná ọkọ̀. Ó yíjú sí Ràódàt: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìborùn yín!"

Obìnrin náà rọ̀, ó gbọ́ràn. Nígbà tí ọmọ tuntun ké, Gifty fi ìborùn náà wé e. Orí Ràódàt wú, omi lé ròrò sí i lójú. Ṣé ọmọ tí kì í lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo lèyí?

Nígbà tí áńbúláǹsì gbé ìyá àti ọmọ lọ tán, Ràódàt ní, "O ò ṣe lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì?"

Ìmàn mi orí. "Rárá o, Àǹtí. Ẹ̀jẹ̀ ń bà mí lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ẹ rí bí ara rẹ̀ ṣe balẹ̀ nígbà tó gbọ́ èdè rẹ̀? Ohun tó wà nínú èdè tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé wọ́n ń kà á?"

"Wọ́n ń kà á," ni Ràódàt wí.

Ìmọ̀ èdè ni wọ́n mú. Yúnúsà kọ́kọ́ ráhùn pé kí ni wọ́n ń fi ṣe. Ràódàt ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọkọ̀ fún un, bàbá náà ní, "Allahu Akbar," ó sì gbà. Ìmàn wọlé lọ́dún yẹn.

Láti ìgbà náà, bí ọmọ kan bá jókòó ti Ràódàt tí kò rí nǹkan sọ, kì í kánjú mọ́. Á rọra máa wò ó tìyanu-tìyanu, torí kò mọ ohun tí Ọlọ́run fi sínú rẹ̀.