Bí O Ṣe àbí Bí O Bá

Sítáàṣì kọ́ ni orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n ní ṣòkòtò tó bá ti abẹ́ áyọ́ọ̀nù rẹ̀ jáde lè dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kó gba ibi iṣẹ́ lọ, kó fi ẹni tó ni ín sílẹ̀ níbi tó ti ń hanrun. Alágbàfọ̀ ni. Yàrá iwájú ilé kan tó kọjú sí títì ló ti ń ṣiṣẹ́. Tábìlì gbọọrọ kan gba ìdajì yàrá náà, bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ti jóná níhìn-ín lọ́hùn-ún ló sì tẹ́ lé e lórí. Okùn tó ń sá aṣọ sí wà lẹ́yìn ilé, ẹ̀rọ omi wà nítòsí rẹ̀. Alágbàfọ̀ tó bá ní omi, tó ní okùn, tó tún ní ẹnu ọ̀nà tí gbogbo èrò ń gbà kọjá, kí ló tún ń wá?

Ṣùgbọ́n ọmọ onílé ti ní kó jáde. Ọ̀nà jíjìn ni obìnrin náà ń gbé, Àǹtí ni gbogbo ilé ń pè é. Ó dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wo ògiri, ó wo àjà, ó ní ọwọ́ òun ni ilé bàbá òun wà báyìí, òun máa tà á, kí alágbàfọ̀ wá ibòmíràn lọ. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ ò ti gba ọ̀fun Sítáàṣì lọ dáadáa mọ́. Òun tí kì í jó aṣọ, ó jó kọ́là oníbàárà kan, ó jó apá ṣẹ́ẹ̀tì òmíràn. Bí bàtà bá ti dún lẹ́nu ọ̀nà, á rò pé wọ́n ti wá kó ẹrù òun síta.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún ni pé ó ti gbà pé òun ló ni yàrá náà. Bàbá onílé ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ lápá kan. Ìyàwó bàbá ti kú, Àǹtí sì jìnnà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí àìsàn náà dá bàbá mọ́lẹ̀, Sítáàṣì gbọ́ gbì lẹ́yìn ògiri, ó sáré wọlé, ó gbé e. Bó ṣe di pé ó ń wẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ nìyẹn, tó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀, tó ń gbé e lọ sínú oòrùn. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Kódà aṣọ tí bàbá fi ń sùn, ó ń lọ̀ ọ́ kó gún gẹ́gẹ́, bíi pé ojú oorun náà ní àlejò tí bàbá fẹ́ lọ pàdé.

Níbi tí wọ́n ti ń yáàrùn lọ́jọ́ kan ni bàbá ti dì í lọ́wọ́ mú. Ó fi ìdajì ẹnu tó kù fún un sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Bí o ṣe ń tọ́jú mi yìí, yàrá iwájú di tìẹ. Ẹnikẹ́ni ò ní lé ọ níbẹ̀." Sítáàṣì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Kò tọ́pẹ́, bàbá." Kò pẹ́ sígbà náà ni àìsàn tún padà wá, tó sì gba ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó kù lẹ́nu bàbá. Etí rẹ̀ ń gbọ́ kedere, ojú rẹ̀ ń ríran, ẹnu ló kọ̀.

Nígbà tí Àǹtí ní kó jáde, ó gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ. Ọ̀dọ́bìnrin ni lọ́yà náà, ó mọ̀wé, ó sì mọ èèyàn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin, ó wá mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fún bàbá?"

"Mo fún wọn kẹ̀? Àwọn ni wọ́n fún mi."

"Ìyẹn gan-an ni wàhálà yín. Òfin kì í di ìlérí ọ̀fẹ́ mú. Ẹni tó ṣèlérí ní láti gba nǹkan padà, fún mi kí n fún ọ. Bó bá jẹ́ ìfẹ́ inú rẹ̀ nìkan, ó lè yí ọkàn padà lọ́la, kò sí kọ́ọ̀tù tó máa mú un."

"Mo ṣáà ń tọ́jú wọn!"

"Ẹ ti ń tọ́jú wọn kí wọ́n tó ṣèlérí. Iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ kì í ra ìlérí tó dé lẹ́yìn. Bí ẹni ń dúpẹ́ ni. Ẹ̀yin náà tún wá sọ fún wọn pé kò tọ́pẹ́! Ẹ̀gbọ́n, oníṣòwò wo ló ń sọ bẹ́ẹ̀?"

Sítáàṣì ò mọ̀ bóyá kó rẹ́rìn-ín ni àbí kó sunkún. Ta ló mọ̀ pé ìwà ọmọlúwàbí lè gba yàrá lọ́wọ́ èèyàn?

Lọ́yà wá sún mọ́ tábìlì. "Ẹ rò ó dáadáa o. Ṣé 'Bí o ṣe ń tọ́jú mi' ni bàbá wí, àbí 'Bí o bá ń tọ́jú mi'? Bó bá jẹ́ 'bí o ṣe', ọpẹ́ lásán ni. Bó bá jẹ́ 'bí o bá', wọ́n bẹ̀ yín níṣẹ́, wọ́n sì fi yàrá san án. Àdéhùn nìyẹn." Kò sọ pé kó purọ́. Ó kàn ní kó rò ó dáadáa, ó sì tún un sọ.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ ò fi dúdú pe funfun fún un. "Bàbá ọmọ mi, 'bá' ni kí ẹ wí! Ọ̀rọ̀ tí ò ju èékánná lọ lẹ fẹ́ torí ẹ̀ sọ wá síta? Ẹnu bàbá ti wọ́ nígbà yẹn. Ta ló lè búra pé 'bá' kọ́ ló jáde?"

"Èmi. Mo wà níbẹ̀."

"Ẹ̀yin nìkan náà lẹ wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, níbo la fẹ́ gbé tábìlì yìí lọ?"

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bó bá ń fọṣọ, ṣe, bá, ṣe, bá ni omi ń wí létí rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì pé bóyá òun ló ṣì í gbọ́. Ẹ̀rù tirẹ̀ náà nìyẹn, kí irọ́ má lọ dà bí òótọ́ lójú òun fúnra òun.

Ọ̀rọ̀ náà dé kọ́ọ̀tù. Láàárọ̀ ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, òun ló wẹ bàbá, òun ló wọ̀ ọ́ láṣọ, nítorí Àǹtí fẹ́ kí adájọ́ rí ipò tí bàbá wà. Ẹ wo ẹni tó ń múra fún ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ ro ẹjọ́! Òun náà ti fi sítáàṣì sí kọ́là ara rẹ̀ jù, kọ́là náà sì ń gé e lọ́rùn.

Adájọ́ ní, "Sọ ọ́ bí bàbá ṣe sọ ọ́ gan-an. Má yọ kúrò, má fi kún un."

Ó la ẹnu. Lọ́yà ò kọ nǹkan kan mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti di àga mú. Bàbá wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ nítòsí ilẹ̀kùn, ó gbójú lé e, kò sì ṣẹ́jú.

"Bàbá ní, 'Bí o...'" Ó wo ojú bàbá. "Bí o ṣe. Bí o ṣe ń tọ́jú mi yìí."

"Ṣé nítorí yàrá lo ṣe ń tọ́jú wọn?"

"Rárá o, Olúwa mi. Rárá!"

Ìdajì ẹnu bàbá rẹ́rìn-ín. Ìyàwó Sítáàṣì dorí kodò. Adájọ́ ní ìlérí bàbá dára, ẹ̀rí ọkàn lè dì í mú, ṣùgbọ́n òfin ò lè dì í mú. Ó ní kí alágbàfọ̀ kó jáde bí oṣù bá parí.

Lọ́jọ́ kejì, Sítáàṣì ò wọlé lọ wẹ bàbá. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í pé inú ń bí i. Bàbá fi ọwọ́ kan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ gbá ògiri, ó tún un gbá. Ní yàrá iwájú, Sítáàṣì ń ká aṣọ lọ. Àǹtí gba olùtọ́jú kan, bàbá gé e jẹ. Ó gba òmíràn, bàbá da omi sí i lára, onítọ̀hún sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Àǹtí gbìyànjú fúnra rẹ̀, kò lè gbé e. Níkẹyìn, ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá iwájú, ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sítáàṣì, jọ̀ọ́, wá máa wẹ̀ wọ́n. Kí lo fẹ́ gbà?"

Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, á ti dìde. Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó tì í tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ohun tí kọ́ọ̀tù kọ́ ọ sì dé ẹnu rẹ̀.

"Yàrá yìí ni. Bí mo bá ń wẹ bàbá títí ọlọ́jọ́ á fi dé, yàrá yìí di tèmi. Ẹni tó bá ra ilé ò gbọ́dọ̀ lé mi. Ká lọ bá lọ́yà, ká tọwọ́ bọ̀wé."

Àǹtí gbé ọṣẹ sórí tábìlì. Ó ní, "Mo gbà."

Inú lọ́yà dùn débi pé ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní àdéhùn gidi nìyí, bí adájọ́ méje bá jókòó lé e lórí, kò ní tú. Sítáàṣì padà délé, ó pọn omi, ó wọlé lọ bá bàbá.

Ògiri ilé náà ò nípọn. Bàbá ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó jẹ́ kó bọ́ aṣọ lọ́rùn òun, ó jẹ́ kó da omi lé òun lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló gbé ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ sókè, ó nà án sí ògiri yàrá iwájú, ó wá fi kan àyà ara rẹ̀, ó sì tún nà án sí ògiri. Ó wo ojú Sítáàṣì bí ẹni ń béèrè ohun tí adájọ́ béèrè, ó ń dúró de èsì.

Sítáàṣì fẹ́ sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n rárá ló sọ níwájú adájọ́, rárá náà ló sì fi pàdánù yàrá. Orúkọ rẹ̀ ti wà lábẹ́ ìwé tó wí pé 'bẹ́ẹ̀ ni' báyìí. Ó rọra gbé ọwọ́ bàbá sọ̀kalẹ̀, ó fi ọṣẹ sí kànrìnkàn, ó ń wẹ ẹ̀yìn bàbá lọ, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.