Awọ Líle Nínú Bàtà Ọmọ Mi

Orí sìmẹ́ǹtì ni mo ti kọ́kọ́ rí i. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá tán lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Deido, èmi àti ọmọbìnrin mi, ìyá ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́ yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà náà. Ipa ẹsẹ̀ wa tó tutù hàn lórí sìmẹ́ǹtì. Tèmi ní àlàfo láàrin. Tiẹ̀ ò ní, pẹlẹbẹ ló lọ láti ìka dé gìgísẹ̀. Mo kírun tán, àmọ́ ọkàn mi ò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ọmọ yìí ò ní lè rìn jìnnà, pé wọ́n á máa pè é ní pẹ́pẹ́yẹ.

Alùbọ́sà ni mo ń tà lọ́jà Sandaga, kí ni mo mọ̀ nípa ẹsẹ̀? Síbẹ̀ mi ò bi ẹnikẹ́ni. Nílé wa, tí wọ́n bá bímọ, wọ́n máa ń fi omi gbígbóná tẹ orí ọmọ kó lè rí roboto, wọ́n á fa imú rẹ̀ kó lè gún. Mo ní ṣebí ẹsẹ̀ náà á ṣeé tẹ̀. Mo gbé bàtà rẹ̀ lọ bá aránbàtà, mo ní kó rán awọ líle sí àárín rẹ̀, kó máa ti àtẹ́lẹsẹ̀ sókè. Mo ní ọmọ ò gbọdọ̀ bọ́ ọ, àfi tó bá fẹ́ kírun tàbí tó bá fẹ́ sùn.

“Pápá, ó ń dùn mí.”

“Ó máa tó mọ́ ẹ lára.”

Tẹ́lẹ̀, tí mo bá ti ọjà dé, kí n tó sọ̀ lórí alùpùpù, á ti sáré wá, á forí gbá mi níkùn. Òórùn alùbọ́sà ara mi ò kàn án. Nígbà tó yá, kò sáré mọ́. Ó ń jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí. Mo rò pé ó ń dàgbà ni, ojú ti ń tì í. Èmi ọlọ́gbọ́n!

Ìyàwó mi ló bọ́ bàtà náà lọ́jọ́ kan, ló rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ ti bó.

“Ẹ gbọ́, ṣé ẹ fẹ́ tún ọmọ yìí dá ni? Iṣẹ́ Ọlọ́run ò tó yín?”

Ló bá kó wa lọ sí ọsibítù. Dókítà, obìnrin kan báyìí, ní kí ọmọ fi ìka ẹsẹ̀ dúró. Ó nà gọgọ, ni àlàfo bá yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀! Faransé ni dókítà ń sọ, ìyàwó mi ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọdé ṣe ń rí nìyẹn, àárín rẹ̀ máa ń gbé sókè fúnra rẹ̀ tí wọ́n bá ń dàgbà. Tí ò bá gbé sókè, tí ò sì dùn wọ́n, kò séwu. Tó bá ń dùn wọ́n, tàbí tó le gbagidi, ká gbé wọn wá. Ó ní kí ọmọ wa máa fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí yanrìn. Ló bá fa awọ yọ nínú bàtà.

“Pápá, kí lèyí?” dókítà bi mí.

Mo ń wo ògiri.

“Òun ló ṣe é,” ìyàwó mi dáhùn. “Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ níbí, á bá yín rán tiyín náà.”

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo ti ọjà dé lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ mi ni ọmọ kọ́kọ́ wò, bóyá mo tún mú bàtà kan dání. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó sáré. Ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré wá, eruku ń sọ lálá.

Ẹsẹ̀ ìyá rẹ ò gbé sókè títí dòní o, pẹlẹbẹ náà ló wà. Àárọ̀ dalẹ́ ló ń dúró nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Bonamoussadi, kò sọ pé ó dun òun rí. Àwọn ọ̀sẹ̀ tí kò sáré wá bá mi yẹn ni mo máa ń rántí. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi pé ó ń dun òun, mi ò gbọ́. Mi ò sì tíì bẹ̀ ẹ́. Ó ń wá sẹ́nu mi, mo ń gbé e mì.

Tó o bá kọ ọ́ tán, kà á fún un. Ṣùgbọ́n má kà á níṣojú mi.