Òdòdó Tí Ewúrẹ́ Bá Mi Yàn

Ewúrẹ́ ìyá ọkọ mi ló bá mi yan òdòdó tí mo gbìn síwájú ilé wa ní Ìfọ́n. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní àwọn ọdún 1990 yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlobù wọlé ọkọ ni, mo sì ń ránṣọ ní Òṣogbo. Erùpẹ̀ pupa lásán ló wà níwájú ilé wa. Ohun tí mo bá gbìn síbẹ̀, bí ewúrẹ́ kò bá jẹ ẹ́, ọyẹ́ á pa á. Ọkọ mi wá sọ pé bí èyí tí mo tún fẹ́ gbìn bá kú, sìmẹ́ǹtì ni òun máa dà sí gbogbo ibẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kẹ̀! Èmi fẹ́ ohun tí n ó máa rí kí inú mi dùn bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé.

Ọkùnrin kan ń ta òdòdó inú ọ̀rá lẹ́bàá ọ̀nà ní Òṣogbo. Ó ní ilẹ̀ Ọsirélíà ni àwọn kan nínú wọn ti wá, pé oòrùn ibẹ̀ kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni, òjò ibẹ̀ kò sì tó nǹkan. Inú mi dùn débi pé n kò gbọ́ ìpè ọkọ̀ Ìfọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ta ni í pe ọjà tirẹ̀ ní ọjà burúkú? Mo ní kó já ewé kọ̀ọ̀kan fún mi, mo sì kó wọn lọ síwájú ewúrẹ́ náà, ọ̀kánjúwà tí kì í fi èèpo iṣu sílẹ̀. Ó jẹ èyí tí mo fẹ́ràn jù kí n tó ṣẹ́jú. Ó jẹ èkejì. Nígbà tó kan igi eléwé ṣóńṣó tí òdòdó pupa rẹ̀ rí bíi búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ ìgò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín, ó sì kọjú sí ògiri. Koríko líle kan tó ń hù ní ìdì-ìdì, ó tu ú dànù. Mo pàtẹ́wọ́. Ìyá ọkọ mi yọjú láti ilé ìdáná láti wò ó bóyá kò sí nǹkan.

Mo ra ọ̀pọ̀ nínú méjèèjì. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo gbìn wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àgbàlá wa ti pàdé ti Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá ọkọ mi. Mo fi okùn wọn ìlà wọn bí ẹni tó fẹ́ gé aṣọ, ó sì tọ́ gbọnrangandan. Orí mi ń wú.

Bàbá Kékeré ti mọ́sálásí dé, ó dúró wo ìlà náà, kò sì dáhùn kíkí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé, “ọmọ Ìlobù” ló ń pè mí. Kò pẹ́ ló ránṣẹ́ pe ọkọ mi: ta ló ní kí wọ́n pa ààlà láàárín òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n òun? Ṣé ọmọ Ìlobù ló tún fẹ́ wá pín ilẹ̀ Ìfọ́n ni?  Mo mọ̀ pé pèrègún la fi ń pa ààlà, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn pé igi òyìnbó tí a tò lẹ́sẹẹsẹ lè sọ ohun kan náà, pàápàá láàárín Ìfọ́n àti Ìlobù tí wọ́n ti ń jà sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tipẹ́. Ọkọ mi ní ká fà wọ́n tu. Ó dùn mí wọra.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Bàbá Kékeré. “Ẹ má bínú, Bàbá,” ni mo wí. “Òdòdó lásán ni. Ibi tí ẹ bá nawọ́ sí ni n ó gbìn wọ́n sí.”

 Ó wá béèrè bóyá òótọ́ ni ohun tí òun gbọ́ lẹ́nu ìyá ọkọ mi, pé ewúrẹ́ kò jẹ ẹ́. Mo ròyìn bó ṣe sín, ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó na ọ̀pá sí ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta tó ń jókòó lé ṣe àlùwàlá. A hú wọn, a sì tún wọn gbìn káàkiri àgbàlá méjèèjì, bó ṣe wù wá, láìsí ìlà kankan.

Ọyẹ́ dé, ètè gbogbo wa bó. Koríko náà dúró digbí. Igi tó ń mu omi àlùwàlá ni ó kọ́kọ́ yọ òdòdó. Mo ti Òṣogbo dé lọ́jọ́ kan, mo bá àlejò tó ń bi Bàbá Kékeré léèrè irú igi tó pupa báyìí, àti ẹni tó gbìn ín. Mo la ẹnu láti fèsì, ṣùgbọ́n Bàbá ti gbà á mọ́ mi lẹ́nu.

“Ìyàwó wa ló gbìn ín,” ni ó wí.