Wáyà Tó Ń Yọ Láago Méjìlá Ọ̀sán

Tí ẹ bá ka èyí tán, ẹ lè pè mí ní òpùrọ́, kò ní dùn mí. Ìyá tó bí mi gan-an sọ pé ebi ló ń pa mí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà kí n tó kúrò nílé, ojú mi sì là kedere. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ fún yín, mi ò fi iyọ̀ kún un.

Ọ̀sán gangan ló ṣẹlẹ̀, kì í ṣe òru. Òun ló jẹ́ kó máa bà mí lẹ́rù títí dòní.

Nígbà yẹn, ìjọba alágbádá ò tíì pẹ́ tó padà dé. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, síìmù káàdì wọ́n bí ojú. Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkẹjà, èmi nìkan sì ni obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù wa. Tí àwọn ọkùnrin bá ti gbìyànjú nǹkan títí tó sú wọn, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n á ní, "Aunty, abeg, this one don tire us o." Orí mi á wá wú. Mo gbéra ga díẹ̀ nígbà náà, mi ò ní purọ́ fún yín.

Bí wọ́n ṣe pè mí sí ọ̀rọ̀ Màmá Fúnkẹ́ nìyẹn.

Màmá Fúnkẹ́ jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Èkìtì, tó ń gbé ní Omole. Ọkọ wọn ti kú, ọdún kan rẹ̀ máa pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Bàbá yìí ni olórí akọrin ìjọ Aládùúrà tí àwọn méjèèjì ń lọ.

Kọ̀ǹpútà méjì ló wà nílé wọn. Èyí tó jẹ́ ti Bàbá wà nínú yàrá àdúrà. Ó ti gbó, ojú rẹ̀ ti kú, kò sì ní ibi tí wọ́n ti ń kọ síídì. Èyí tí ọmọ wọn rà wà ní pálọ̀. Wáyà gígùn kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀, débi pé ẹni tó jókòó ní pálọ̀ lè ṣí dráífù tí ẹ̀rọ inú yàrá ń kó nǹkan pamọ́ sí, kó sì mú ohun tó wà níbẹ̀.

Ohùn Bàbá ló wà nínú dráífù náà. Orin mọ́kànlélógójì ni, àwọn orin àtijọ́ ìjọ wọn tó jẹ́ pé Bàbá nìkan ló ṣẹ́kù tó mọ ohùn wọn. Kí àìsàn tó dá Bàbá dúbúlẹ̀, wọ́n fi ẹnu ara wọn kọ gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Màmá fẹ́ ká dà á sórí síídì kí àwọn akọrin lè rí i kọ́ fún ìrántí ọdún kan. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń dà á, dráífù á já. Pálọ̀ ò ní rí yàrá mọ́, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni mẹ́ta ti lọ wò ó ṣáájú mi. Ọ̀kan pààrọ̀ wáyà. Ọ̀kan pààrọ̀ káàdì inú ẹ̀rọ tí wáyà ń wọ̀. Ẹnì kẹta ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ẹ wo àwọn èèyàn mi! Ohun tí wọn ò bá ti mọ̀, fáírọ́ọ̀sì ni.

Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́rú, Màmá dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ọmọ mi, bọ́ bàtà ẹ. Bàbá Fúnkẹ́ ò gbà kí wọ́n wọ bàtà wọbí."

Mo rẹ́rìn-ín sínú. Ẹni tó ti kú ṣì ń ṣòfin. Mo bọ́ ọ, mo wọlé. Tábìlì kan, ẹ̀rọ kan, tìmùtìmù pupa kan nílẹ̀, àti ìgò lọ́fíńdà lójú fèrèsé. Ó tán.

Mo tan ẹ̀rọ, mo gbọ́ tí dráífù ń ha gìrì-gìrì bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Dráífù tó bá ti ń dún báyẹn, ikú ti ń pè é. Tí mo bá tú u lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó lè má jí mọ́, ohùn Bàbá á sì bá a lọ. Ibi tó wà náà la gbọ́dọ̀ ti fa ohùn yẹn jáde.

Mi ò sọ èyí fún Màmá. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wo ojú mi.

"Ó máa jáde, àbí?" Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń bẹ dókítà.

"Ó máa jáde, Mà."

Àwọn ẹ̀rọ ìgbà yẹn ní ìwà kan. Tó bá rí i pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀, á sùn, á sì gbàgbé èkejì rẹ̀. Mo gbé ojú kọ̀ǹpútà kan dání wá, mo so ó mọ́ ti Bàbá, mo pa gbogbo oorun yẹn fún ẹ̀rọ méjèèjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da orin. Wákàtí méjì àbọ̀ ló máa gbà, torí dráífù náà ti rẹ̀ gidigidi.

Aago méjìlá lù, ó já.

Mo sáré wọ yàrá. Ẹnu wáyà wà nílẹ̀, lẹ́yìn tábìlì. Mo ní eku ni. Mo ki wáyà bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ padà, mo tún fi nǹkan bíi wákàtí kan yẹ gbogbo nǹkan wò kí n tó bẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́ta lù, ó já. Ẹnu wáyà tún wà nílẹ̀. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹ iṣu tí Màmá sè fún mi.

Lọ́jọ́bọ̀, mo fi téèpù dúdú lẹ ẹnu wáyà náà mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ìlọ́po mẹ́ta. Mo da orin sílẹ̀ kó máa lọ, mo gbé àga sínú yàrá, mo tẹjú mọ́ wáyà. Mo fẹ́ rí eku yẹn lójú kojú.

Ẹ gbà mí gbọ́, mi ò sùn.

Lọ́fíńdà ni mo kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Ìgò náà sì wà ní dídé.

Lẹ́yìn náà, tìmùtìmù pupa yẹn rì. Ó rì níbi méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bí ìgbà tí orúnkún àgbàlagbà bá kúnlẹ̀ lé e. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.

Mo fẹ́ dìde. Mo di àga mú.

Téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ẹ̀sọ̀ ni, bí ìgbà tí ẹni tí kò fẹ́ da ilé láàmú bá ń ṣí nǹkan. Ike kékeré ẹnu wáyà tẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀, ó dún tọ́. Wáyà jáde. Kò já bọ́ o. Wọ́n gbé e kalẹ̀ ni, jẹ́jẹ́.

"Màmá," mo lọgun pè wọ́n. "Màmá, ẹ gbà mí."

Màmá dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n wo tìmùtìmù. Wọ́n wo wáyà nílẹ̀.

"Aago mélòó ló lù?" Wọ́n rọra bèèrè.

"Méjìlá, Mà."

Màmá fọwọ́ bo ẹnu. Mo rò pé wọ́n fẹ́ pariwo ni, àṣé ẹ̀rín ni wọ́n ń gbé mì, omijé sì ti ń bọ̀ lójú wọn.

"Etí mi ọ̀tún ò gbọ́ràn dáadáa," wọ́n sọ ọ́ sí mi létí. "Tí mo bá ń tẹ ọ̀rọ̀ orin ní pálọ̀, tí aago àdúrà lù, méjìlá tàbí mẹ́ta, Bàbá Fúnkẹ́ á pè mí títí, mi ò ní gbọ́. Wọ́n wá rí ọgbọ́n dá. Wọ́n á yọ wáyà yẹn. Iṣẹ́ á dá mọ́ mi lọ́wọ́, màá mọ̀ pé wọ́n ń pè mí."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa, Mà?"

"Ẹ̀yin lẹ ń jókòó ti ẹ̀rọ, ẹ kàn ń sọ pé ó ń já, ẹ ò sọ aago tó ń já." Wọ́n nu ojú. "Láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n, mi ò gbàdúrà ọ̀sán mọ́. Mo ń bá Ọlọ́run bínú."

Màmá ju ìborùn kan sí mi pé kí n fi bo orí. Wọ́n kọjú sí tìmùtìmù.

"Mo ń bọ̀ o, Bàbá Fúnkẹ́," wọ́n ní. "Ẹ má bínú. Mo pẹ́."

Wọ́n kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn ò kúnlẹ̀ lé e. Èmi náà kúnlẹ̀ síbi tí mo wà, torí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí. Síbẹ̀, mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe lè ṣàlàyé lọ.

Nígbà tí Màmá ṣe àmín, tìmùtìmù rọra wú padà. Màmá fọwọ́ ara wọn ki wáyà bọ ẹ̀rọ. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, orin mọ́kànlélógójì ti pé sórí síídì.

A fi síídì sí i. Bàbá kọ́kọ́ wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn wọn jáde, ohùn tó nípọn, tó dùn. Màmá ò gbọ́ ọ láti bí ọdún kan. Wọ́n gbé etí òsì ti ẹ̀rọ.

Nígbà tí mo ń palẹ̀ mọ́, mo ní kí n wá ohun tí màá fi di wáyà náà mú. Màmá di ọwọ́ mi mú.

"Má tún un ṣe," wọ́n ní. "Mo bẹ̀ ẹ́."

Mi ò tún un ṣe. Àwọn akọrin kọ àwọn orin náà lọ́jọ́ ìrántí, mo gbọ́ pé gbogbo ìjọ sunkún.

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà kí Màmá tó pè mí lórí fóònù. Ohùn wọn ti yí padà.

"Injiníà, jọ̀ọ́ wá wo ẹ̀rọ yìí. Kò já mọ́."

Mo lọ. Mo yẹ wáyà wò, mo yẹ káàdì wò, mo yẹ gbogbo ohun tí mo fọwọ́ kàn lọ́jọ́ náà wò. Kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ̀rọ méjèèjì ń rí ara wọn bó ṣe yẹ. Bóyá èmi ni mo ṣe nǹkan kan, bóyá Bàbá ti parí iṣẹ́ wọn, mi ò mọ̀.

A jókòó ní pálọ̀. Aago méjìlá lù. Dráífù ò já. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, Màmá ṣì ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Wọ́n wá dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Mo gbọ́ tí ike ẹnu wáyà dún tọ́. Dráífù já. Màmá padà wá jókòó síwájú ẹ̀rọ, wọ́n kà á pé ó ti já, bí ẹni pé wọn ò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

"Mo ń bọ̀ o, Bàbá Fúnkẹ́," wọ́n ní, wọ́n sì dìde lọ kúnlẹ̀.

Mo kìlọ̀ fún yín o. Tí nǹkan kan bá ń já nílé yín ní aago kan náà lójoojúmọ́, ẹ ronú dáadáa kí ẹ tó pe irú wa. A mọ bí wọ́n ṣe ń tún nǹkan ṣe. A ò mọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà sí bó ṣe ń bàjẹ́ tẹ́lẹ̀.