Kíláàsì Sólà Tí Kò Níná

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ìjọba ní àwọn fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́ sólà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìgàndò ni mò ń gbé. Physics ni mo kà ní poli, àmọ́ fótòkópì ni mò ń ṣe fáráàlú. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọ́n máa kọ́ wa, wọ́n máa fún wa ní sátífíkéètì, wọ́n á tún bá wa wá ibi iṣẹ́, kíá ni mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa.

Gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n kó àwa ogún sí. Wọ́n fún wa ní fìlà, wọ́n fún wa ní T-shirt, wọ́n ya wá ní fọ́tò títí eyín fi gbẹ wá lẹ́nu. Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí, olùkọ́ wa, wá tan projector. Kò pẹ́ ni wọ́n múná lọ. Bí kíláàsì sólà ọjọ́ náà ṣe parí nìyẹn, torí pé kò síná. Àbí ẹ̀ ń gbọ́ mi?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì tuntun sì wà ní yàrá kejì o, nínú nylon! Mo ní ṣé a ò lè so díẹ̀ níbẹ̀ ká fi kọ́ṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí ní ká má dán an wò, ohun ìjọba ni, àwọn ọ̀gá ló máa wá ṣí i. Ó ní ká ṣì máa fojú inú wò ó ná. Wáyà wo lèèyàn ń fojú inú so, jàre?

Ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá máa wá pé. Jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi gbé máíìkì. Ọ̀gá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ pé ayé jẹnẹrétọ̀ ti dópin ni jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún bá kú. Wọ́n fà á títí, kò dáhùn.

N ò mọ ohun tó gbé mi dìde. Èmi àti Sìdíkátù, akẹgbẹ́ mi tí bàbá rẹ̀ ń ṣe wáyà iná n'Ìkòtún, la wọ yàrá kejì, a gbé ẹrù náà síta sínú oòrùn. Sìdíkátù ń so, mò ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó yá, máíìkì sọ̀rọ̀.

Ọ̀gá àgbà gbá a mú. "Ṣé ẹ rí i? Iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba wa nìyí." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́tà dé: a fọwọ́ kan ohun ìjọba láìgbàṣẹ, wọ́n ti yọ orúkọ wa. Ọ̀gbẹ́ni Àlàbí ò lè wojú wa. "Ẹ̀yin méjì nìkan lẹ mọ iṣẹ́ yìí," ó ní, "ẹ̀yin náà ni wọ́n ní kí n lé."

Mo sunkún nínú kẹ̀kẹ́ títí dé Ìgàndò. Àwọn méjìdínlógún yòókù gba sátífíkéètì.

Àṣé nọ́ọ̀sì kan tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀gá wá ti gba nọ́ńbà Sìdíkátù. Ó ní fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára tó wà ní ọsibítù àwọn kì í tutù, àwọn ìyá á gbọ́mọ wá, wọ́n á tún gbé e padà. A lọ so sólà tí ọsibítù náà rà sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ abẹ́rẹ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo àwọn ọmọ tó ń ké bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé. Kò sẹ́ni tí wọ́n ní kó padà wá lọ́la. Kò sì sẹ́ni tó béèrè sátífíkéètì lọ́wọ́ wa.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹni tí kò jẹ́ kọ́mọ fọwọ́ kan irinṣẹ́, kò tíì kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀yin tí ìjọba ti kọ́ níṣẹ́ rí ńkọ́, ṣé wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn án, àbí fìlà nìkan lẹ gbà bọ̀? Ẹ sọ tiyín fún wa nísàlẹ̀.