Ibà Tí Kò Sí Ló Gba Ẹsẹ̀ Mi

Aṣọ ìyàwó kan ni mò ń rán lọ́wọ́ ní Bantè nígbà tí àyà mi ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì. Òógùn bò mí. Àfi bíi pé èèrà ń rìn nínú orí mi. Mo ní ikú rèé. Mi ò kú. Lọ́jọ́ kejì ó tún dé, bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ kẹta. Oúnjẹ dà bí iyanrìn lẹ́nu mi, oorun sì sá lọ.

Ẹ gbọ́ o, kò tíì ju oṣù méjì tí ẹ̀gbọ́n mi Bẹ́nùwá kú. Èmi ni mo wa mọ́bílẹ́ẹ̀tì, òun ló wà lẹ́yìn mi, Pira la ti ń bọ̀. A yọ̀ ṣubú. Èmi dìde, òun ò dìde. Kò sẹ́ni tó bi mí nípa ìyẹn. Gbogbo wọn ní ibà ni.

Lọ́dọ̀ wa, ìtọ́jú tí kò bá ní abẹ́rẹ́ nínú, a kì í kà á sí ìtọ́jú. Ìyá mi bá lọ pe bàbá kan tó ń gbé àpótí abẹ́rẹ́ kiri lórí kẹ̀kẹ́. Kò fọwọ́ kan ara mi bóyá ó gbóná. Kò bi mí ní nǹkan kan.

"Ibà inú egungun ni. Yí ìdí síbí."

Kiníìnì ló ń gún mi. Tó bá gún mi tán, etí mi á máa hó, màá sùn, ìyá mi á ní, "Ẹ ò rí i? Ó ti ń ṣiṣẹ́!" Tí àyà mi bá tún ti lù, èmi fúnra mi ni màá ní kí wọ́n lọ pè é. Ìgbà tó gún mi kẹ́yìn, iná sọ láti ìdí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì. Mo figbe ta.

"Ibà ló ń jáde yẹn," ló wí. Ó palẹ̀ àpótí ẹ̀ mọ́, ó lọ.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń fì dirodiro bí aṣọ tútù lórí okùn.

Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ní Savalou. Orí bẹ́ǹṣì la jókòó sí láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan orí. Nọ́ọ̀sì àgbà kan tẹ ẹsẹ̀ mi wò. Ó ní iṣan ńlá kan wà tó ti ìdí sọ̀ kalẹ̀, òun ló ń gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè, abẹ́rẹ́ ti bà á jẹ́. Ó bi mí bó ṣe bẹ̀rẹ̀, mo ní àyà ló ń lù, ara mi ò gbóná rí. Ló bá gbé bírò sílẹ̀.

"Kámáráàdì," bí ìjọba ìgbà yẹn ṣe ní ká máa pera wa, "ta ló kú fún ẹ?"

Mo sunkún débi pé gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí mi.

Ó ní ìpayà ló ń ṣe mí: ẹ̀rù àti ẹ̀bi tó di àìsàn, tó ń lu àyà ní tòótọ́, tó ń lé oorun ní tòótọ́. Kò sí kiníìnì tó ń wo ẹ̀bi sàn. Mò ń lọ bá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní kí n máa sọ ọ̀nà Pira yẹn fóun, kọ́nà kan sí ìkejì, títí mo fi lè sọ ọ́ débi tá a ti ṣubú. Díẹ̀díẹ̀, àyà mi rọlẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ò padà. Ẹyọ kan ni mo fi ń wa máṣíìnì ìránṣọ.

Ó ṣe, bàbá alábẹ́rẹ́ gbé aṣọ wá, ó fẹ́ ṣòkòtò.

"Ọmọ mi, ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Baba."

Mo wọ̀n ọ́n dáadáa, mo rán an dáadáa. Nígbà tó wọ̀ ọ́ wò lójú àwọn oníbàárà mi, ó pariwo: "Kí lèyí? Ẹsẹ̀ òsì kúrú!"

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Baba. Ibà inú egungun ni. Ẹ gún un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Òun ò rẹ́rìn-ín. Mi ò dárí jì í, kó má retí ẹ̀. Àmọ́ mo mọ̀ pé èmi náà ni mò ń yí ìdí sí i.

Ìwọ tí àyà ẹ ń lù tí ara ẹ ò gbóná, kọ́kọ́ sọ ẹni tó kú fún ẹ kó o tó yí ìdí fún ẹnikẹ́ni.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ. Ìwọ lo rán ṣòkòtò yẹn.